Ọwọ́ Tó Yí Kúskúsì Ogójì Ọjọ́

Ojú wọn ṣe mẹ́rin láàárín èrò.

Àgbàlá ilé-ẹjọ́ ìlú Sefru kún fọ́fọ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn. Àwọn tó wá gba ìwé ilẹ̀, àwọn tó wá kọ ara wọn sílẹ̀, àwọn opó nínú aṣọ funfun. Bushta wà láàárín wọn, ó ń làágùn nínú kóòtù tó rà ní Tánjíà, ìwé ẹ̀rí ikú ìyá rẹ̀ ti rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbójú sókè. Lábẹ́ igi ólífì, ọmọbìnrin kan jókòó nídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ó ń wò ó. Wíwò náà kì í ṣe ti àlejò. Lójú Bushta, ó dà bíi pé ọmọ yìí ti ń retí òun láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

Ó sì ń retí rẹ̀ lóòótọ́. Itto ni orúkọ rẹ̀, òun ló ń bá àwọn tí kò mọ̀wé kọ létà. Àmì dúdú tó wà lábẹ́ ojú òsì Bushta ló ń wò. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ikú Yamna, ìyá Bushta, arúgbó náà ti jókòó síwájú tábìlì yìí, ó pe létà fún Itto kọ, ó sì fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Ó ní: "Ọmọ mi ní àmì lábẹ́ ojú. Tí mo bá kú, má fún un ní létà yìí àfi tó bá béèrè bí mo ṣe kú. Tí kò bá béèrè, Itto ọmọ mi, jó o níná."

Létà náà wà nínú agolo bísíkíìtì lábẹ́ tábìlì.

"Ẹ káàárọ̀, arábìnrin," Bushta wí. "Ìyá mi ló ṣaláìsí. Kí ni wọ́n máa ń béèrè fún ìwé ogún?"

"Kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Ẹlẹ́rìí méjìlá ni. Ọkùnrin méjìlá tó mọ̀ wọ́n, tí wọ́n á jẹ́rìí iye ọmọ tí wọ́n fi sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á pín in, ìdá méjì fún yín, ìdá kan fún ẹ̀gbọ́n yín obìnrin. Tí ẹ bá sì fẹ́ ta ilé, òun náà gbọ́dọ̀ tẹ̀ka."

"Méjìlá! Ṣé bọ́ọ̀lù la fẹ́ gbá ni?"

Itto kò rẹ́rìn-ín. "Ṣé kò sí nǹkan mìíràn tí ẹ fẹ́ béèrè?"

"Ó wà." Ọwọ́ Itto ti sún mọ́ agolo. "Èló ni owó iṣẹ́ yín?"

Ọwọ́ rẹ̀ padà sórí tábìlì. Omi lé sí i lójú, Bushta kò sì mọ ìdí rẹ̀.

Lẹ́nu ọ̀nà àgbàlá, bàbá kan fi ọ̀pá dá a dúró. Agbádá jélábà rẹ̀ ń rùn fún tùràrí. Ààfáà Mbarek ni, ẹni tí àwọn obìnrin máa ń tutọ́ sílẹ̀ tí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀.

"Ọmọ Yamna, ẹlẹ́rìí méjìlá ti pọ̀ jù. Mo mọ ẹyọ kan ṣoṣo tó tó."

"Ta ni, bàbá?"

"Òkú ni."

*

Ilé náà ni Bushta fẹ́ tà, ilé àti oko èso ṣẹ́rì tó wà lẹ́yìn odi ìlú. Ó ti rí ilé kọfí kan ní Tánjíà tó kọjú sí òkun. Ọdún mẹ́fà ló fi ń gbé àwo níbẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ó fẹ́ kí wọ́n máa gbé àwo fún òun náà.

Ṣùgbọ́n Shama, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ń gbé inú ilé náà. Ibẹ̀ ló ti ń hun bọ́tìnnì sílíkì fún àwọn aránṣọ, ibẹ̀ ló ti tọ́jú ìyá wọn títí dójú ikú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ̀ka."

"Ogójì ọjọ́ kò tíì pé, o ti ń wọn ògiri. Ṣé wọn kì í sunkún ní Tánjíà ni?"

"Ẹkún kì í ra búrẹ́dì."

"Kóòtù ọrùn rẹ ńkọ́? Ṣé òun ló rà á?" Shama ju abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Ó wo àbúrò rẹ̀ títí, bí ẹni tó ń retí àlejò lẹ́nu ọ̀nà. Àlejò náà kò dé. Ó padà sídìí òwú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Bushta wá Ààfáà Mbarek lọ.

*

Abẹ́ ilẹ̀ ni iyàrá náà wà, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń fọ awọ. Ọ̀sán gangan ni lókè; òru ni nísàlẹ̀. Fìtílà kan ṣoṣo. Iyọ̀ lórí ilẹ̀, ó ń ró rùmù-rùmù lábẹ́ ẹsẹ̀. Àwo igi ńlá kan wà láàárín, ìyẹ̀fun àlìkámà ni inú rẹ̀.

"Jókòó. Di ojú rẹ tí àyà rẹ bá kéré."

Ó gbé nǹkan kan jáde nínú ìkòkò iyọ̀. Aṣọ funfun ni wọ́n fi wé e. Ìka márùn-ún yọ jáde lẹ́nu aṣọ náà, wọ́n gbẹ bí ẹ̀ka igi.

Bushta fà sẹ́yìn. "Ta ló ni ọwọ́ yìí?"

"Òkú tí kò ní ẹni tó ń bẹ̀ ẹ́ wò ni. Kí ló kàn ọ́?"

"Kí ni yóò ṣe fún ẹ̀gbọ́n mi?"

"Òkèlè mẹ́ta ni yóò jẹ nínú kúskúsì tí ọwọ́ yìí bá yí. Òkèlè àkọ́kọ́, ohun tí o bá gbé síwájú rẹ̀ ni yóò tẹ̀ka sí. Òkèlè kejì, yóò gbàgbé orúkọ ara rẹ̀."

"Ẹ̀kẹta ńkọ́?"

Mbarek rẹ́rìn-ín. Eyín rẹ̀ dúdú. "Ẹ̀kẹta ni tèmi. Ṣé o rò pé ọ̀fẹ́ ni mò ń ṣe é?"

Bushta rántí òkun Tánjíà. Ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ síwájú. Ìyẹn ni bẹ́ẹ̀ni rẹ̀.

Ó dijú. Mbarek ki ọwọ́ òkú náà bọ ọwọ́ ọ̀tún Bushta, ó sì tì wọ́n méjèèjì sínú ìyẹ̀fun. Wọ́n yí i, wọ́n yí i, títí ìyẹ̀fun fi di wóró kúskúsì.

"Ọwọ́ tó sùn kì í kọ iṣẹ́,
ẹnu tó jẹ kì í kọ ọ̀rọ̀,
ohun tí òkú bá bù, alààyè a gbé e mì."

Òtútù gun apá Bushta dé ejìká. Àtàǹpàkò òkú náà fara kan àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó wọ́ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọkàn rẹ̀ fẹ́ sọ nǹkan kan fún un. Ó pa ọkàn rẹ̀ lẹ́nu mọ́.

*

Ogójì ọjọ́ pé, ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ṣe é. Shama ti pín sàráà fáwọn aládùúgbò. Bushta gbé àwo kúskúsì tirẹ̀ síwájú Shama, ó ní òun rà á lọ́wọ́ obìnrin kan. Ìwé títà ilé wà lápò rẹ̀ pẹ̀lú tàdáwà.

Shama sọ ọ́ di òkèlè, ó fi sẹ́nu. Ó dúró. Omijé bọ́ lójú rẹ̀ wẹ́rẹ́.

"Bushta, ta ló yí kúskúsì yìí?"

"Kí ló dé?"

"Wo wóró rẹ̀. Ó gùn bí ìrẹsì. Láti ìgbà tí igi òfì ti fọ́ àtàǹpàkò Màmá, kò sí ẹlòmíràn tí tirẹ̀ ń rí báyìí láyé." Ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ọwọ́ Màmá nìyí!"

Bushta wo ọwọ́ ọ̀tún ara rẹ̀.

Àtàǹpàkò wíwọ́. Òkú tí kò ní ẹni tó ń bẹ̀ ẹ́ wò. Òun ni kò bẹ̀ ẹ́ wò.

"Ẹ tu ú dànù! Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ tu ú!"

Ó ti pẹ́ jù. Ojú Shama ti ṣófo bí fèrèsé ilé ahoro. Ó na àtàǹpàkò síwájú.

"Níbo ni kí n tẹ̀?" ó wí, ohùn rẹ̀ kò sì jọ ti ẹnikẹ́ni.

Ìwé wà lápò. Tàdáwà wà lápò. Kò ju kí ó nà án sí i lọ. Ọwọ́ òsì Shama sì ti ń gbé òkèlè kejì bọ̀ wá sẹ́nu fúnra rẹ̀.

Bushta ké bí ẹran. Ó gbá òkèlè náà dànù, ó da àwo dé ilẹ̀, ó fa ìwé náà ya pẹ́rẹpẹ̀rẹ. Lẹ́yìn náà ló sáré.

*

Ilẹ̀kùn abẹ́ ilẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Mbarek dùbúlẹ̀ lórí iyọ̀, ojú rẹ̀ là, kò rí nǹkan mọ́. Ẹnu rẹ̀ kún fún kúskúsì dé ètè, ọ̀fun rẹ̀ wú bí àpò. Ọwọ́ gbígbẹ náà wà lẹ́nu rẹ̀, ó ṣì ń tì í wọlé, díẹ̀díẹ̀, bí ìyá tó ń fún ọmọ aláìsàn lóúnjẹ. Òkèlè kẹta, tirẹ̀ ni lóòótọ́.

"Màmá," Bushta wí.

Ọwọ́ náà dúró. Bushta gbé e. Ọwọ́ náà di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mú bí ìgbà tí wọ́n máa ń sọdá afárá odò Aggai nígbà tó wà lọ́mọdé. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n jọ rìn dé itẹ́ òkú. Gbogbo ọkùnrin wà lórí ìrun Jímọ̀. Wọ́n ti tú ibojì ìyá rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n fi òkúta bò ó. Ó gbẹ́ erùpẹ̀, ó dá ọwọ́ náà padà fún ẹni tó ni ín. Nígbà tó fa ọwọ́ tirẹ̀ jáde, ó ti gbẹ. Ìka márààrún ká jọ, wọn kò sì ṣí mọ́.

Shama sáré dé láìwọ bàtà, ojú rẹ̀ ti padà sípò. "Kí lo fún mi jẹ, Bushta? Kí lo fún mi jẹ?"

Bushta sọ gbogbo rẹ̀. Shama gbá a létí lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn náà ni àwọn méjèèjì jókòó sórí erùpẹ̀.

Bushta yíjú sí i.

"Ẹ̀gbọ́n mi, báwo ni Màmá ṣe kú?"

Shama bo ojú. "Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni. Ó ń yí kúskúsì. Mo ní kó sinmi, ó ní ọ̀la ni Jímọ̀, bóyá Bushta á wálé. Orí rẹ̀ kàn rọra tẹ̀ sórí àwo."

*

Lọ́jọ́ Ajé, Shama fà á gba àárín èrò lọ sídìí tábìlì Itto.

"Ó ti béèrè," ló sọ.

Itto bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ṣí agolo. "Èmi ni mo kọ ọ́, mo mọ̀ ọ́n sórí," ó wí fún Bushta jẹ́jẹ́. "Ìyá yín ní oko ṣẹ́rì di tiyín pátá. Ẹ̀gbọ́n yín ti ní òun yọ̀ǹda ìpín òun nínú rẹ̀, ó tẹ̀ka sí ẹ̀gbẹ́ ìka ìyá yín. Wọ́n ní kí ẹ tà á, kí ẹ fi ra ilé kọfí yín. Kí ẹ kàn fi ilé sílẹ̀ fún un ni."

Bushta kúnlẹ̀ sáàárín àwọn opó. Itto na létà náà sí i.

Ó fẹ́ na ọwọ́ ọ̀tún. Kò ṣí.

"Màmá, ẹ má bínú," ó wí, ó sì fi ọwọ́ òsì gbà á.