Ìtọ̀ Pupa Nínú Agbo Dúrójayé

Màlúù Dúrójayé kẹta kú láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, nígbà tí Ìpínlẹ̀ Èkìtì ò tíì pé ọdún mẹ́ta. Kò sẹ́ni tó lù ú, ejò ò bù ú jẹ. Ó kàn ń rù ṣáá ni, ó ń tọ̀ pupa bí ẹ̀jẹ̀, ó sì ṣubú, kò dìde mọ́.

Florence, opó ẹ̀gbọ́n Dúrójayé, ni gbogbo àdúgbò ní Ìṣẹ́ ń nàka sí. Ṣebí òun ló ń gé koríko fún àwọn màlúù náà láràárọ̀? Lékèélékèé tó ń tẹ̀ lé wọn kiri ńkọ́, ṣé kì í ṣe orí òrùlé yàrá rẹ̀ ni wọ́n ń bà sí nírọ̀lẹ́?

Dúrójayé dúró sójú títì, ó fi igbe ta.

"Ìyá Adéolúwa! O mu ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi tán, ó wá kan màlúù mi. Kúrò ní ulé yìí kó tó di Sátidé!"

"Ọkọ mi, kí ni mo ṣe fún yín?"

"Má pè mí lọ́kọ, àjẹ́!"

Ẹnì kan sọ òkò sáwọn ẹyẹ orí òrùlé. Òkò kejì ba Florence léjìká. Elizabeth, ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ akọrin, ń wò ó, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Florence ò sunkún. Inú ń bí i ju ẹkún lọ. Ó lọ síbi tí òkú màlúù náà wà, ó ká etí rẹ̀ sókè. Eégbọn so mọ́ ọn bámúbámú. Kò rí irú rẹ̀ rí, àfi láti ìgbà tí Dúrójayé ti ra abo màlúù kan wá láti Ẹmùré, tó sì so ó mọ́ àwọn yòókù. Ó já díẹ̀ sínú ọ̀rá, ó wọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran ní Ìkẹ́rẹ́, ó sì ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un.

Lọ́jọ́ kejì, dókítà náà, ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń jẹ́ Ọmọ́rìnsọ́lá, dé. Méjì nínú àwọn màlúù tó kù ti ń tọ̀ pupa. Ó fa ẹ̀jẹ̀ wọn, ó fi maikirosikóòpù wò ó.

"Kòkòrò ló ń ba ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́. Eégbọn ló ń kó o ràn wọ́n."

Dúrójayé fajú ro. "Ṣé àjẹ́ ò lè rán eégbọn ni?"

"Màlúù Ẹmùré ló gbé e wá, bàbá. Èyí tẹ́ ẹ bá rà tuntun, ẹ dá a so lọ́tọ̀ ná. Kẹ́ ẹ sì máa fi oògùn eégbọn wẹ gbogbo wọn déédéé. Ó yá, ẹ di orí eléyìí mú."

Ó gún wọn lábẹ́rẹ́. Lọ́jọ́ kẹta, ìtọ̀ wọn mọ́, wọ́n sì ń jẹko.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, Dúrójayé yọ́ wọ yàrá Florence. Obìnrin náà ń di ẹrù.

"Ìyá Adéolúwa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú." Kò fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀ rí.

Florence ò gbójú sókè. "Ojú títì lẹ ti pè mí lájẹ̀ẹ́. Inú yàrá lẹ wá ń bẹ̀ mí sí?"

Ọkùnrin náà jáde sójú títì, ó ké pe àwọn ará àdúgbò, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku níṣojú Elizabeth àti gbogbo wọn.

Florence jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó. Ó pẹ́ gan-an kó tó ní kó dìde.