Igi Òrùlé Lianag

Àárín èsìsì ni Oighrig ti kọ́kọ́ rí i. Ó nà gbalaja sílẹ̀, ó ki apá bọ abẹ́ ògiri òkúta títí dé èjìká, àgùntàn kan sì ń ké nínú ihò níbẹ̀. Oighrig kígbe pé kó má fọwọ́ kan òkúta yẹn o, òun ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀n ọ́n tán ni.

Ọkùnrin náà ò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ẹ bá mi sọ fún àgùntàn. Èmi náà ti bẹ̀ ẹ́ títí."

Ni ẹ̀rín bá pa ọmọge. Fearchar ni darandaran náà ń jẹ́.

Lianag, abúlé kan ní erékùṣù kan, ti tú tipẹ́. Ilé méjìlá ló kù níbẹ̀, kò sí ọ̀kan tó ní òrùlé. Èsìsì nìkan ni kò bá wọn lọ, torí ibi tí èèyàn bá ti gbé rí ló fẹ́ràn láti hù sí. Iṣẹ́ Oighrig ni kó máa walẹ̀ wá ohun tí àwọn ará àtijọ́ fi sílẹ̀, ilé baba ńlá tirẹ̀ gan-an ló sì wá walẹ̀ rẹ̀. Fearchar mọ orúkọ gbogbo ahoro ibẹ̀: ti Iain Arọ, ti opó ahunṣọ, ti àwọn tó ní màlúù funfun. Ó ń pè wọ́n bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lọ pọnmi ni. Ohun tó wọ Oighrig lára nìyẹn. Kí oṣù tó parí, ife tíì kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì fi ń mu.

Ruairidh, bàbá Oighrig, gbọ́, ó ní láéláé. Ṣé ìdílé yẹn lòun máa fọmọ fún? Nígbà tí onílẹ̀ lé àwọn ará Lianag kí àgùntàn rẹ̀ lè rí koríko jẹ, baba ńlá Fearchar ni aṣojú rẹ̀, òun ni wọ́n sì ní ó tiná bọ òrùlé. Oighrig ò sì ní í lọ́kọ láìgba ìre lẹ́nu bàbá rẹ̀, òun nìkan ló kù fún un láyé. Ó sunkún títí ojú rẹ̀ wú.

Ó kúkú padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó walẹ̀ ilé náà délẹ̀, kò rí eérú níbòmíràn àfi ní ibi ìdáná. Ibi tí igi òrùlé jókòó sí lórí ògiri dá ṣáká, ẹni tó yọ ọ́ fara balẹ̀. Igi kì í hù ní erékùṣù yẹn, ẹni tó bá ń kó lọ, igi òrùlé rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ rù. Oighrig sáré lọ sílé bàbá rẹ̀ létí òkun, ó gun òkè àjà, ó sì rí ihò èèkàn àtijọ́ lára igi, tí kò bá ilé yẹn mu rárá. Abẹ́ òrùlé Lianag ni bàbá rẹ̀ ti ń sùn látọjọ́ tí wọ́n ti bí i.

Ó ní kí Fearchar sọ bẹ́ẹ̀ fún bàbá, pé baba ńlá òun ò sun ilé wọn, ó ṣàánú wọn, ó jẹ́ kí wọ́n yọ igi wọn lọ. Fearchar kọjú sí àwọn àgùntàn rẹ̀.

Lọ́hùn-ún, wọn kì í sọ ọ̀rọ̀ ìyàwó ní tààrà. Lachlann, àbúrò bàbá Fearchar, ló tẹ̀ lé e wá lọ́sàn-án Sátidé, ó ní àwọn gbọ́ pé abo àgùntàn kan wà nílé yìí tó nílò ibùgbé. Àṣà ni kí bàbá kọ́kọ́ mú ọmọbìnrin mìíràn jáde, kí gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ruairidh ò mú ẹnikẹ́ni jáde. Fearchar ló tẹjú mọ́.

"Ọmọ mi ní baba ńlá yín ò sun ilé wa. Ìwọ ńkọ́, kí lo rí sí i?"

Oighrig ń fi ojú bẹ olólùfẹ́ rẹ̀.

"Bàbá, kò sun ún lóòótọ́. Ṣùgbọ́n òun ló kan ilẹ̀kùn, òun ló ní kí wọ́n máa lọ. Mi ò ní torí ìyàwó wẹ̀ ẹ́ mọ́."

Oighrig gbà pé ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Àfi bí bàbá ṣe fẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, tó ní láti kékeré lòun ti ń retí kí ẹnìkan nínú ìdílé yẹn fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ó wá yíjú sí Lachlann.

"Àgùntàn wà. Olórí kunkun ni o, ẹ má dá a padà."

Oighrig dìde níbi tó wà, ó lọ jókòó ti Fearchar.