Ọ̀bẹ Tí Kò Sí Níbẹ̀

"Ṣáà sọ pé ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ìyẹn ló máa jẹ́ kí ojú ẹ̀ rí màbo."

Lórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ẹjọ́ ni ẹ̀gbọ́n ọmọbìnrin kan ti ń tẹnu mọ́ ọn. Àbúrò rẹ̀ ń ra ọrùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Láti ọjọ́ tí ọmọkùnrin kan ti já báàgì gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lójú pópó, tó sì fà á ṣubú, ọwọ́ yẹn kò lè di àlùmọ́gàjí mú dáadáa mọ́. Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ aránṣọ ló ń kọ́.

Ọmọkùnrin náà, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ti gbà pé òun jalè. Ọ̀bẹ nìkan ló ní òun kò mú dání. Ẹ̀gbọ́n ọmọbìnrin yìí ló dárúkọ ọ̀bẹ ní àgọ́ ọlọ́pàá nígbà tí inú ń bí i, ìrora kò sì jẹ́ kí àbúrò rẹ̀ já a nírọ́.

Nígbà tí wọ́n pe ọmọbìnrin náà wọlé, ó rí ìyá ọmọkùnrin náà lẹ́yìn, tó káwọ́ lérí. Ọmọkùnrin náà kò gbójú sókè.

Adájọ́, obìnrin àgbàlagbà tí ohùn rẹ̀ kì í ga, ní, "Fara balẹ̀, ọmọ mi. Kí lo rí lọ́wọ́ ẹ̀?"

Irọ́ náà ti dé ètè rẹ̀. Ta ló máa bá a wí, òun tí wọ́n ṣe léṣe? Ó kọjú sí adájọ́.

"Mi ò rí nǹkan kan, mà. Ọwọ́ lásán ni. Àmọ́ ó ní òun á lù mí tí mo bá pariwo. Ọwọ́ mi ò tíì san, ẹ̀rù sì ṣì ń bà mí láti gba ọ̀nà yẹn."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pòṣé.

Adájọ́ kọ ọ́ sílẹ̀, ó wá kọjú sí ọmọkùnrin náà. "Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Mo ti gbọ́ tọ̀tún tòsì. O kéré lọ́jọ́ orí, o jẹ́wọ́, o ò sì mú ohun ìjà. Ìyẹn gbè ọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ti kìlọ̀ olè fún ọ rí, o sì ba ọwọ́ tí ọmọ ọlọ́mọ fẹ́ fi jẹun jẹ́. Ká ní ọ̀bẹ wà níbẹ̀ ni, ẹ̀wọ̀n àwọn àgbà lo ì bá lọ. Ọdún méjì ni wàá lò ní ilé àtúnṣe àwọn ọ̀dọ́, wàá sì kọ́ṣẹ́ níbẹ̀."

Níta, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní, "O gbà á sílẹ̀."

"Mi ò gbà á sílẹ̀. Ohun tó ṣe ni mo sọ. Èyí tí ò ṣe, ẹ̀yin lẹ fi kún un, ẹ̀gbọ́n mi."

Ìyá ọmọkùnrin náà jáde, ó wo ọwọ́ ọmọbìnrin náà, ó ní, "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi." Ọmọbìnrin náà mi orí lásán. Inú ṣì ń bí i, ọwọ́ náà sì ṣì ń dùn ún, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ fúyẹ́.

Ohun tí a bá kó síwájú adájọ́ ló máa fi dájọ́. Ẹni tó bá da irọ́ pọ̀ mọ́ ọn, òun náà ti jalè: ọjọ́ ayé ọmọ ẹlòmíràn ló jí.