Ọmọ Tí Wálé Yọ Kúrò Nínú Fọ́tò

Lọ́jọ́ tí Adébọ̀wálé kọ́kọ́ rí Àyọ̀ká, etí ìró ló fi ń nu ojú ìyá arúgbó kan nínú fọ́tò, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ jí i lójú oorun. Ìdí òkè Màpó ni ṣọ́ọ̀bù Àyọ̀ká wà. Ó ń kó fọ́tò àtijọ́ sínú kọ̀ǹpútà níbẹ̀, ó sì ń kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe lè tò ó sójú ewé, kí wọ́n fi òdòdó àti ọ̀rọ̀ díẹ̀ ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, kó di ìwé ìrántí.

Tíṣà ni Wálé ní Òkè-Àdó. Fọ́tò bàbá rẹ̀ tó ti di olóògbé ló kó wá, ó ní òun fẹ́ fọwọ́ ara òun ṣe é. Ẹ má jẹ́ n purọ́ fún yín, ọwọ́ rẹ̀ ò yá rárá. Bó bá ti gbé fọ́tò kan sójú ewé, yóò tún tẹ nǹkan, fọ́tò á di méjì.

"Tíṣà, bàbá yín mélòó ni?" Àyọ̀ká á bi í, á sì bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ yọ ọ̀kan kúrò."

Ìwé bàbá parí, Wálé ò yéé wá. Nírọ̀lẹ́, wọ́n á jọ rìn gba Bẹẹrẹ, wọ́n á máa wo àwọn òrùlé páànù tó ti pọ́n, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ ìgbà èwe wọn. Kò pẹ́ tí "ẹ" fi di "o" láàárín wọn.

Ó wá ku ìyá Àyọ̀ká ní Beyerúnkà. Àyọ̀ká ti sọ ọ́ gbangba pé òun ò ní fẹ́ ẹni tí ìyá òun bá kọ̀. Wálé bá tọrọ àwọn fọ́tò ìgbà èwe rẹ̀, ó ní òun ń fi ṣe nǹkan fún Màmá, kó má yọjú wò ó títí òun á fi parí.

Ọ̀kan wà nínú wọn, ọmọbìnrin kékeré méjì lórí àga kan. Aṣọ kan náà, ọwọ́ kan náà lórí orúnkún, ojú tí wọ́n fà ro kò yàtọ̀. Wálé rẹ́rìn-ín pé àṣé Àyọ̀ká tó jẹ́ ọ̀gá náà ń ṣe irú àṣìṣe òun. Ó yọ ọ̀kan kúrò, ó fi òdòdó dí àyè rẹ̀.

Nígbà tí Màmá ṣí ìwé náà níwájú Wálé àti Àyọ̀ká, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ ń rín. Ó dé ojú ewé yẹn, ó dúró.

"Kẹ́hìndé mi dà?"

Wálé wo Àyọ̀ká. Omi ti lé ròrò sójú ọmọbìnrin náà.

"Ìwọ tó o yọ ọmọ mi kan dànù," ni ìyá náà wí, "ṣé ìwọ ni n ó fún ní èkejì?" Ó dìde, ó wọ yàrá lọ.

Ìta ni Àyọ̀ká ti ṣàlàyé. Òun ni Táyé. Kẹ́hìndé lọ sọ́jà kó tó di pé wọ́n ya fọ́tò kankan fún wọn. Báyìí ni wọ́n ń sọ ọ́ nílé wọn, wọn kì í sọ pé ìbejì kú. Nígbà tí onífọ́tò dé, ó ya èyí tó kù, ó sì tẹ̀ ẹ́ ní méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, bí àwọn òbí ìbejì ṣe ń ṣe láyé ìgbà náà. "Mi ò kì í jẹ́ Táyé níta," ó ní, "torí wọ́n á béèrè Kẹ́hìndé lọ́wọ́ mi."

Ibi tí Wálé fojú sí, ọ̀nà ò gbabẹ̀. Ojú tì í, ó sì dùn ún wọra. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kó wá àgbàlagbà tí yóò bá a bẹ̀bẹ̀. Ìmọ̀ràn tó dáa ni, ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ ò lè dá Kẹ́hìndé padà sórí àga. Ó padà sídìí kọ̀ǹpútà.

Lọ́jọ́ tó tún dé Beyerúnkà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó na ìwé tuntun sí Màmá. Ìyá náà gbà á pẹ̀lú ojú líle. Ọmọ méjì ti wà lórí àga. Ó ṣí ewé kejì, ó bá àwọn méjèèjì nínú aṣọ ilé-ìwé. Níwájú, wọ́n ti ga sí i. Wọ́n jáde ìwé mẹ́wàá, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ní Màpó, obìnrin méjì, orí ọ̀kan tẹ̀ díẹ̀ sí èkejì.

Kò sí ẹni tó rí Kẹ́hìndé rí lẹ́yìn ìgbà ọmọ ọwọ́; Àyọ̀ká ni Wálé sọ di méjì nínú fọ́tò kọ̀ọ̀kan. Ìyá náà ń fi ìka tọ ojú rẹ̀ láti ewé dé ewé.

"Kẹ́hìndé," ó ní, "o mà ti dàgbà." Ó sunkún, ó sunkún tẹ́rùn, Àyọ̀ká sì gbá a mọ́ra.

Nígbà tó nujú tán, ó rí i pé Wálé ṣì wà nílẹ̀.

"Dìde. Sọ fún àwọn èèyàn rẹ kí wọ́n wá tọrọ ìyàwó. Ṣùgbọ́n méjì-méjì ni kí wọ́n ra gbogbo ẹrù ìdána. Ọmọ méjì ni mo bí."