Àlejò Ló Ń Tọrọ Omi

Ẹ̀yìnkùlé ilé wọn ní Mọdákẹ́kẹ́ ni Sàúdátù ti kọ́kọ́ rí i. Ó dúró síwájú ògiri alámọ̀ tó ti fẹ́ wó, ó ń fọwọ́ pa á lára.

"Ẹ káàsán sà. Ta lẹ̀ ń wá?"

"Ògiri ni mò ń wá."

"Ẹ ti rí i nìyẹn. Ṣé kí n bá yín jí i, àbí ẹ máa dúró dè é?"

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Ayọ̀ọlá Fáníyì lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ìlódè ní Ifẹ̀, òǹkọ̀wé. Ìtàn àtijọ́ ló máa ń kọ, ìwé rẹ̀ sì nípọn débi pé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ẹni tó bá ní in kò nílò ìrọ̀rí mọ́. Kì í kọ nípa ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá tẹ̀. Bí wọ́n bá jagun ní àdúgbò kan láyé àwọn baba ńlá wa, yóò lọ jókòó síbẹ̀, yóò wo bí oòrùn ṣe ń wọ̀ níbẹ̀, kó tó kọ gbólóhùn kan. Òun nìkan ló ń gbé, òun nìkan ló ń jẹun. Àwọn tó ti kú tipẹ́ ló mọ̀ lórúkọ, kò mọ orúkọ àwọn aládùúgbò rẹ̀.

Sàúdátù, tó ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní èdè Yorùbá, mú un lọ bá baba rẹ̀, Alhaji Lágúnjú. Baba sọ ìtàn ilé náà fún un títí ìrọ̀lẹ́ fi lẹ́. Ayọ̀ọlá padà wá lọ́sẹ̀ kejì. Nígbà tó yá, kò sẹ́ni tó tún gbọ́ kó dárúkọ ògiri mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òùngbẹ gbẹ ẹ́, ó ní kí wọ́n jọ̀wọ́ fún òun lómi. Ìyá Sàúdátù wò ó tìyanu-tìyanu.

"Ayọ̀ọlá, àlejò ló ń tọrọ omi. Fíríìjì nìyẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ṣí i fúnra rẹ, jàre."

Ó ṣí i. Omi tó mu lọ́jọ́ náà fẹ́ pa á lẹ́kún, nítorí láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, kò sílé tí wọ́n ti bá a sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Abẹ́ igi máńgòrò ni Sàúdátù ti kọ́kọ́ yọ "ẹ" kúrò nínú ọ̀rọ̀ tó ń bá a sọ.

"Ayọ̀ mi, o ò tíì jẹun, àbí?"

"Tún un wí."

"Pé o ò tíì jẹun?"

"'O' yẹn ni mo fẹ́ gbọ́, olólùfẹ́ mi."

Fúnlọ́lá, ẹ̀gbọ́n Ayọ̀ọlá, ni ọ̀rọ̀ náà kò dùn mọ́ nínú. "Ṣé obìnrin ti tán ní Ifẹ̀ ni? O ti gbàgbé ìjà tó wà láàárín àwa àti Mọdákẹ́kẹ́?"

"Mi ò gbàgbé, ẹ̀gbọ́n mi. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ni."

Fúnlọ́lá mí kanlẹ̀, ó sì gbà. Wọ́n dá ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́.

Ọjọ́ náà kò tíì pé tí ìwé tuntun Ayọ̀ọlá fi jáde. Alhaji fi awò sójú, ó ń kà á tayọ̀tayọ̀, títí ó fi dé ibi tí a ti ń sọ̀rọ̀ àwọn ará ilé tirẹ̀ gan-an: "Àlejò ni wọ́n nílẹ̀ yìí, bó ti wù kí wọ́n pẹ́ tó." Ó pa ìwé náà dé, ó ránṣẹ́ pe Ayọ̀ọlá.

"Àlejò kì í ṣe èébú, sà," ni Ayọ̀ọlá wí. "Yorùbá a máa pọ́n àlejò lé."

"Ibí la bí baba mi sí, ibí la sin ín sí. Ìgbà wo ni èèyàn ò ní jẹ́ àlejò mọ́ lójú rẹ? Ọ̀rọ̀ ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ ní í yọ ọfà lápó. Obì là ń retí lọ́wọ́ rẹ, ọmọ mi."

Sàúdátù sìn ín dé ẹnu géètì. "Bá mi yọ gbólóhùn yẹn."

"Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ láyé ìgbà náà nìyẹn. Mi ò lè tún ìtàn kọ nítorí àna."

"Mi ò ní kó o tún ìtàn kọ. Ohun tí mo máa ń bi àwọn ọmọ kíláàsì mi ni mo fẹ́ bi ọ́: ta ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀? Ká ní ẹnu ìjòyè kan nínú ìwé lo fi í sí, ì bá má dùn mí. Ṣùgbọ́n ìwọ lò ń sọ̀rọ̀, Ayọ̀. Ìwọ tó o mọ ibi tí fíríìjì wa wà."

Ó mọ̀ pé òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n agídí òǹkọ̀wé, ẹ jẹ́ ká máa wò ó! Ó ní, "Ìwé ti jáde."

"Èmi náà á wọlé nìyẹn," ni Sàúdátù wí. Ó ti géètì.

Ayọ̀ọlá padà sí Ìlódè. Inú ìkòkò ló ti ń jẹun, nítorí kò rí ìdí tó fi yẹ kó bu oúnjẹ sáwo fún ẹnì kan ṣoṣo. Bó bá kọ gbólóhùn kan, á gbọ́ ohùn Sàúdátù: ta ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀? Àárò rẹ̀ sọ ọ́ gan-an. Ọdún ń gorí ọdún, ó ń wá ọ̀nà tí yóò gbà bẹ̀ wọ́n, ìtìjú kò jẹ́ kó lọ.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ tún ìwé náà tẹ̀, ó gbé gbólóhùn yẹn sẹ́nu ìjòyè oníjàgídíjàgan kan, ó sì jẹ́ kí ìyá arúgbó kan dá a lóhùn gidi. Iṣẹ́ ọ̀sán kan péré ni. Nígbà náà, Sàúdátù ti wà nílé ọkọ ní Ìwó.

Ọdún yẹn náà ni Alhaji kú. Ayọ̀ọlá lọ síbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ, ìwé náà wà nínú báàgì rẹ̀. Sàúdátù ló pàdé lẹ́nu ọ̀nà, ó pọn ọmọ.

"Ẹ káàbọ̀ sà. Ẹ kú ìrìn."

"Ẹ" yẹn bà á níbi tó ń dùn ún. Ó ṣí ìwé síbi tó yẹ, ó nà án sí i. Sàúdátù kà á lóòró, ó ń mi ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Ta ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀?" ni Ayọ̀ọlá bi í.

"Ìjòyè ni." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ojú rẹ̀ kún fún omi. "Ó ti dáa báyìí. Inú Bàbá ì bá dùn sí i. Ẹ ṣeun sà."

Ìyá Sàúdátù jáde síta, ó di ọwọ́ Ayọ̀ọlá mú pẹ̀lú ìfẹ́. Kò ní ibi kankan lọ́kàn sí i.

"Ayọ̀ọlá, o ṣeun tó o wá kí wa. Jókòó. Sàúdá, bá mi fún àlejò wa lómi."

Fíríìjì náà ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ayọ̀ọlá wò ó, ó sì jókòó. Nígbà tí omi dé, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó dúpẹ́.