Agbo Tí Àyìnkẹ́ Rẹ Fún Ọkọ Rẹ̀

Ọ̀rẹ́ mi, bí wọ́n bá ti ní ẹlẹ́ṣẹ̀, ọ̀mùtí ni ojú rẹ máa ń kọ́kọ́ wá kiri. Ọ̀mùtí wà nínú ìtàn yìí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n fara balẹ̀ o, kí o má baà wò ó títí tí wàá fi gbójú fo ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn.

Ní Igando, nígbà tí igbó ibẹ̀ ṣì pọ̀ ju ilé lọ, káfíńtà kan wà tí ń jẹ́ Akínlẹ́yẹ. Ó mọṣẹ́ dunjú, àmọ́ ògógóró ti mú kí ọwọ́ tó fi ń di ayùn mú máa gbọ̀n. Àyìnkẹ́ ni ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Títí nítorí Títí ọmọ wọn. Akọrin ni ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kì í pa ìsìn jẹ, kì í jalè, kì í bá ará ilé jà. Ààwẹ̀ ló ń gbà lemọ́lemọ́ kí Ọlọ́run lè gba ọkọ òun lọ́wọ́ ìgò.

Ọlọ́run sì gbọ́. Ọ̀nà tí ó gbà gbọ́ ọ ni kò tẹ́ Àyìnkẹ́ lọ́rùn.

Sàlàkọ́, tí òun àti Akínlẹ́yẹ jọ ń mutí tẹ́lẹ̀, ló fà á lọ sí ilé kíláàbù àwọn onílé àdúgbò. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, àwọn tí ọtí ti dè mọ́lẹ̀ a máa jókòó yípo níbẹ̀. Wọ́n á mu tíì, wọ́n á gbàdúrà, ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ nínú á sọ ọ́, ẹnikẹ́ni kò sì ní fi ṣe yẹ̀yẹ́. Sístà Agnes ló ń darí wọn, opó kan tí òun náà ti fi ọtí bayé jẹ́ rí, kí Jésù tó gbà á.

Bí Ọjọ́bọ̀ ti ń gorí Ọjọ́bọ̀ ni Akínlẹ́yẹ ń di ènìyàn. Ó ń jẹun. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó tilẹ̀ ń fá irùngbọ̀n kí ó tó lọ! Àyìnkẹ́ á máa wò ó láti ẹnu ọ̀nà títí yóò fi yà ní kọ̀rọ̀, inú rẹ̀ á máa gbóná bí ààrò.

"Ẹ kú àbọ̀ o, ọkọ Agnes," ló fi kí i lọ́jọ́ kan.

Akínlẹ́yẹ bú sẹ́rìn-ín. "Àbí kí n padà sídìí ìgò ni? Ìyá Títí, bá mi lọ jàre."

"Kí n wá bá yín mu tíì? Ta ló rí ọtí lẹ́nu tèmi rí?"

Ó lọ ṣá. Ṣùgbọ́n ìta ló dúró sí, lẹ́yìn fèrèsé. Ó gbọ́ tí ọkọ rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ Adéolú, àkọ́bí wọn, tí èéyi pa nígbà tí bàbá rẹ̀ wà nídìí ọtí. "Wọ́n wá pè mí," ni Akínlẹ́yẹ ń wí, "mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n mu ti ọwọ́ mi tán." Ló bá bú sẹ́kún. Agnes na aṣọ ìnujú sí i.

Ẹ gbà mí! Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ọmọ náà, Akínlẹ́yẹ kò dárúkọ rẹ̀ létí ìyá rẹ̀ rí. Ẹkún tí kò sun lọ́dọ̀ ẹni tó lóyún ọmọ, níwájú obìnrin onítíì ló wá sun ún! Òjòwú kò lẹ́ran láyà. Àyìnkẹ́ kò pariwo. Ó yí padà, ó gba ilé lọ.

Kò pẹ́ ni jẹ̀dí mú Akínlẹ́yẹ, ó ní kí ìyàwó òun bá òun rẹ agbo. Ìwọ náà mọ̀ pé àwọn kan ń fi omi ògì rẹ agbo jẹ̀dí, àwọn mìíràn ń fi ògógóró rẹ ẹ́. Omi ògì wà nílé Àyìnkẹ́. Ògógóró ló jáde lọ rà. Ọjọ́bọ̀ gan-an ló sì gbé e fún un.

"Agbo ni, kì í ṣe ọtí," ló ń sọ fún ara rẹ̀. Kò wá ikú ọkọ rẹ̀. Ó kàn fẹ́ kí ó jókòó ti òun ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni.

Akínlẹ́yẹ gbé e mì. Ó fi ahọ́n lá ètè. Ó dìde láìwọ bàtà, ó jáde, kò sì gba ọ̀nà kíláàbù.

Òwúrọ̀ ni Sàlàkọ́ àti Agnes gbé e wálé. Ẹ̀bá ààtàn ni wọ́n ti rí i, iwájú orí rẹ̀ ti bẹ́, èébì gba gbogbo àyà rẹ̀. Agnes kúnlẹ̀, ó ń fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nù ún lára.

"Sístà, ẹ fi mí sílẹ̀," ni Akínlẹ́yẹ ń wí. "Agbo lásán ni ìyàwó mi fún mi. Ọkàn burúkú mi ló sọ ọ́ di ọtí lẹ́nu mi. Tèmi ti bàjẹ́ pátápátá."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún Àyìnkẹ́ bí ọ̀kọ̀. Ó sá lọ sẹ́yìnkùlé. Agnes tẹ̀lé e.

"Èmi ni, Sístà. Ògógóró ni mo fi rẹ ẹ́. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Mo fẹ́ gbà á lọ́wọ́ yín."

Agnes jókòó tì í. "Ó dùn mí, Ìyá Títí, mi ò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ọtí ló de ọkọ yín, owú ló de ẹ̀yin. Jésù kan náà ló ń tú méjèèjì. Ẹ̀jẹ̀ tó wẹ èmi ọ̀mùtí náà ni akọrin nílò."

"Bó bá wá lé mi jáde ńkọ́?"

"Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí Jésù gbà yín wọlé ná. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sọ òótọ́ fún un."

Lórí erùpẹ̀ ibẹ̀ ni Àyìnkẹ́ kúnlẹ̀ sí. Gbogbo ààwẹ̀ tó ti ń gbà, ẹ̀ṣẹ̀ ọkọ rẹ̀ ló ń kà sí Ọlọ́run létí. Lọ́jọ́ yìí, ó ní, "Olúwa, Àyìnkẹ́ ló wá o. Ṣàánú mi." Ẹrù tó ti ń tẹ̀ ẹ́ láyà sọ̀ kalẹ̀.

Ó wọlé, ó jẹ́wọ́. Akínlẹ́yẹ kọjú sí ògiri. Ọjọ́ ń lọ, kò fọwọ́ kan oúnjẹ rẹ̀. Àyìnkẹ́ kò bínú, kò sì yé gbé e kalẹ̀.

Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ pé, Akínlẹ́yẹ wọ ṣẹ́ẹ̀tì, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó kẹ̀yìn sí i.

"O ò tíì múra ni?" ló bi í.

Ìwọ tí o ń ka èyí, kí ló de ìwọ? Má sọ fún mi pé o kì í mutí. Bóyá ire ẹnìkejì rẹ ló ń ta ọ́ lójú, tí o sì ń kọrin lé e lórí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Jésù kú nítorí ìyẹn náà. Má ní ó di ọ̀la. Ìrọ̀lẹ́ kan péré ló kù díẹ̀ kó sọ Àyìnkẹ́ di opó. Ìbáà jẹ́ ìdí ààrò lo wà, ìbáà jẹ́ ìsọ̀, kúnlẹ̀. Dárúkọ ara rẹ fún Jésù, kí o sọ ohun tí o ṣe. Kò ní kọjú sí ògiri.