Ẹ̀sìn Tí Owó Epo Bò Mọ́lẹ̀

Táyà ńlá kan ni ọkùnrin náà gbé mọ́ra nínú train nílùú òyìnbó, bí ẹni gbé ọmọ tó ti sùn. Snow ń bọ́ níta. Níkẹ́, nọ́ọ̀sì tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, wò ó títí, kò lè gbójú kúrò.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, táyà yín ti pá."

"Pípá ni wọ́n bí i. Táyà ọkọ̀ ìje ni. Mo fẹ́ fi ṣe tábìlì."

"Ta ló fẹ́ jókòó ti irú tábìlì bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ̀yin, tẹ́ ẹ bá gbà."

Tàjùdéèn lorúkọ rẹ̀, ẹnjiníà ni nílé iṣẹ́ epo kan ní Downtown. Kí snow tó yọ́ tán, ìfẹ́ ti wọ̀ wọ́n lára. Bàbá Níkẹ́, Ọ̀gbẹ́ni Clement, gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. "Mùsùlùmí, Kìrìsìtẹ́nì, kí ló kàn mí níbẹ̀?" ló ń sọ kiri ṣọ́ọ̀ṣì.

Àfi bí owó epo ṣe já wálẹ̀. Ilé iṣẹ́ dá Tàjùdéèn dúró. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó rí ni pípààrọ̀ táyà fún ẹgbẹ́ kan tó ń sáré ọkọ̀ kárí ayé, irú ìje tí ọkọ̀ kan lè sáré láti ọ̀sán di ọ̀sán ọjọ́ kejì, tí àwọn awakọ̀ ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn.

Ọ̀gbẹ́ni Clement gbọ́. "Vulcanizer. A ò lè fọmọ fún ìmàle láéláé."

Ẹ gbọ́ nǹkan. Ṣé àná ni ọmọ ọlọ́mọ ṣẹ̀ṣẹ̀ di Mùsùlùmí ni? Àgàbàgebè pọ́ńbélé ni, mi ò ní fi bò.

England ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ eré ìje ọdún náà. Ní France, ọkọ̀ wọn kú nígbà tí ìje kù díẹ̀ kó parí. Tàjùdéèn pe Níkẹ́.

"Olólùfẹ́, ọwọ́ ń ro mí, a ò sì gba nǹkan kan."

"Jẹun, kí o sùn. Ọkọ̀ yẹn kọ́ ni mò ń fẹ́."

Nígbà tí ọdún ìje parí, ẹgbẹ́ náà tú ká. Níkẹ́ lọ pàdé rẹ̀ ní airport.

"Tàjù, jẹ́ ká ṣègbéyàwó."

"Mi ò níṣẹ́, Níkẹ́."

"Èmi níṣẹ́. Tó bá rẹ̀ mí, ìwọ á gbà á lọ́wọ́ mi."

Níkẹ́ lọ bá bàbá rẹ̀ nílé ní àdúgbò Castleridge.

"Daddy, ẹ̀sìn Tàjù ò yí padà látìgbà tẹ́ ẹ ti ń yìn ín. Owó oṣù ẹ̀ lẹ fẹ́ fún lọ́mọ. Saturday la máa ṣe ìgbéyàwó, ẹ wá o, ẹ ò wá o."

Ó di Friday kí bàbá tó pè é.

"Ṣé ó ti ríṣẹ́?"

"Kò tíì rí, Daddy."

"Àwọn ẹbí ẹ̀ tó ń bọ̀, níbo ni wọ́n ti ń ta irú ẹran tí wọ́n lè jẹ?"

Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bẹ̀, inú ṣì ń bí mi sí bàbá yìí. Ṣùgbọ́n omi ti dé ojú Níkẹ́. Ó júwe ìsọ̀ ẹlẹ́ran Mùsùlùmí kan ní Sunridge fún un, ó ní kí bàbá tètè lọ kí wọ́n tó ti ìsọ̀ náà.